Orin Àárín Ìran: Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀?
Nínú eré kan tí mo wò ní Ìjù-Odò, ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wàjà ni iná kú kí wọ́n lè tún ìtàgé tò. Wọ́n gbé orin ijó sí i láti inú fóònù. Èrò dìde, wọ́n ń jó! Ìsìnkú ọba ló tẹ̀lé e. Ta ni yóò sunkún mọ́?

Ṣebí nínú Ọba Kò So (1963) ti Dúró Ládiípọ̀, bàtá àti dùndún wà lára ọ̀rọ̀ eré náà. Èdè olóhùn lèdè wa. Ìlù ń fọhùn. Orin àárín ìran kì í ṣe dídí àlàfo lásán: eré ṣì ń lọ. Bí kò bá sí onílù, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ò ní ba ọ̀fọ̀ jẹ́.