TA NI KÓ WÁ ṢE KÓÒṢÌ? Lámèyítọ́ ẹnu àwọn oníbọ́ọ̀lù Ṣàngótẹ̀dó

Nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, a ti ṣe lámèyítọ́ ewì, a ti ṣe ti eré orí ìtàgé, a ti ṣe ti fíìmù. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ọ: àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nígbà tí kò sí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ariwo ìgbà tí wọ́n bá ń gbá a lọ́wọ́ ni mò ń sọ o. Ìgbà tí ìdíje bá ti parí, tí kóòṣì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, tí kò tíì sí òmíràn, ìgbà yẹn gan-an lẹnu ń dùn jù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ojúlówó rẹ̀, kó wá sí Ṣàngótẹ̀dó. Láti ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ títí wọ Monastery Road níbi tí Novare Mall wà, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù: páànù lókè, bẹ́ǹṣì nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn, pátákó dúdú níta tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìdíje ọjọ́ náà sí. Bí ìdíje bá tán, pátákó á ṣófo, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kì í ṣófo. Awakọ̀ dáńfó wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀, oníṣòwò ọjà wà níbẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò ní kóòṣì tiẹ̀ lápò.

Ọdún 2024 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọdún yẹn bú. Ní oṣù Kejì, José Peseiro, ará Portugal, kó Super Eagles dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, Ivory Coast sì fi 2-1 gbà á lọ́wọ́ wa ní Abidjan. Àdéhùn Peseiro parí, ó lọ. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Finidi George. Ní oṣù Kẹfà, a ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Úyò, orílẹ̀-èdè Benin tún na wá ní 2-1, Finidi sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, àjọ NFF kéde Bruno Labbadia, ará Jámánì. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọ̀rọ̀ owó orí ti tú àdéhùn náà ká. Augustine Eguavoen bá wa dì í mú. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025 ni Éric Chelle tó dé. Ẹ wo iye orúkọ! Bẹ́ǹṣì Ṣàngótẹ̀dó jẹun yó lọ́dún náà.

Ohùn mẹ́ta ni mo gbọ́ nínú àríyànjiyàn yẹn. Ohùn kìíní ní, “Òyìnbó ló mọ̀ ọ́n.” Ẹ̀rí wọn kò kéré. Clemens Westerhof, ará Họ́láńdì, ló kó wa gba ife Áfíríkà ní Tunisia lọ́dún 1994, tó tún kó wa dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Jo Bonfrère, ará Họ́láńdì bíi tiẹ̀, ló gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996. Ibi tí ìtàn wọn ti ń dákẹ́ nìyẹn. Wọn kì í dárúkọ Berti Vogts, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ Jámánì kí, tí kò kọjá ipele kẹta sí òpin ní Ghana lọ́dún 2008. Òyìnbó tí wọ́n ń sọ kì í ṣe èèyàn mọ́, ó ti di oògùn.

Ohùn kejì ní, “Ọmọ wa ni kẹ́ ẹ gbé e fún.” Stephen Keshi ni àpẹẹrẹ wọn. Ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ lọ́dún 1994, ó sì jẹ́ kóòṣì nígbà tí góòlù Sunday Mba fi àgbà han Burkina Faso lọ́dún 2013. Yàtọ̀ sí Mahmoud El-Gohary ti Egypt, kò sẹ́ni tó ti gba ife yẹn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti bíi kóòṣì ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rí ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ rántí. Wọ́n á fo Samson Siasia, tí kò lè gbé wa dé ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti 2012. Wọ́n á sì gbàgbé pé lọ́jọ́ kejì tí Keshi gba ife náà ló sọ pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ padà. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, a wá sọ ọ́ di òrìṣà. Ẹni tí a kò fún láyè láàyè la ń kì ní oríkì lẹ́yìn ikú.

Ẹ jẹ́ ká dá àwọn ohùn méjèèjì dúró ná, ká wo ìtàn kan ṣoṣo. Shuaibu Amodu gbé wa dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 2002. Ó gba ipò kẹta ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà, wọ́n sì yọ ọ́. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ni wọ́n ní kó kó ẹgbẹ́ lọ sí Japan. Argentina na wá ní 1-0, Sweden na wá ní 2-1, a ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pọ́ìǹtì kan. Ó di 2010, Amodu yìí kan náà tún gbé wa débẹ̀, ó tún gba ipò kẹta ní Angola, wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck, ará Sweden, ló kó wọn lọ sí South Africa. Argentina na wá ní 1-0, Greece na wá ní 2-1, a ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú South Korea. Pọ́ìǹtì kan. Ọmọ wa kan, òyìnbó kan, oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n fún àwọn méjèèjì, èsì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra bí ìbejì. Àwọ̀ kọ́ ló yanjú ẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé ni wọ́n lé jáde nígbà tó ku òrùlé.

Ẹnìkan lè ní Bora Milutinovic náà kò pẹ́ níbẹ̀ kó tó kó wa lọ sí Faransé ní 1998, bẹ́ẹ̀ a na Spain ní 3-2. Òótọ́ ni. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tó gbá fún un ló ti gba wúrà lọ́dún méjì ṣáájú. Ilé ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Mo mú ìtàn Amodu yìí lọ sí ìdí bẹ́ǹṣì rí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọdún wo gan-an lẹ ń sọ?” Èsì tí wọ́n fún mi ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: “Ṣé wọ́n ti bí ẹ nígbà yẹn?” Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa bí òǹkọ̀wé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, òun ló lágbára jù, òun náà ló sì lẹ́ jù. Ó lágbára nítorí pé nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ṣojú ẹ̀ kì í jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni tó gbọ́ ọ. Ó lẹ́ nítorí pé ojú tó rí góòlù 1994 kò rí ìwé àdéhùn kóòṣì. N kò tíì dáyé lọ́dún 1994, ṣùgbọ́n 1-0 ṣì ni 1-0.

Ohùn kẹta ni ti gólì, ìyẹn aṣọ́lé, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Lọ́dún 2002, Onígbìndé fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19, sójú ilé láti kojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ọ̀lù kankan kò wọlé. Enyeama yìí ló wà lójú ilé nígbà tí a gba ife ní 2013. Láti ìgbà tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2015, òjìji rẹ̀ ni a fi ń wọn gbogbo ọmọ tó bá wọ ìbọ̀wọ́. Ní oṣù Kìíní 2022, bọ́ọ̀lù Tunisia kan gba ọwọ́ Maduka Okoye kọjá, a já. Ní oṣù Kẹta, bọ́ọ̀lù Thomas Partey yọ́ gba abẹ́ Francis Uzoho wọlé ní Àbújá, 1-1 ló parí sí, Ghana sì gba ife àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́. Èébú tí wọ́n bu àwọn ọmọ méjèèjì yẹn kì í ṣe lámèyítọ́ mọ́. Èpè ni. Nígbà tó di ìparí 2023, wọ́n pe Stanley Nwabali láti Chippa United ní South Africa. Bẹ́ǹṣì ní, “Ta nìyẹn?” Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ó gbá pẹ̀nárítì méjì South Africa dànù, bẹ́ǹṣì kan náà sọ ọ́ ní bàbá. Ẹnu tó bú lànáà kò tọrọ àforíjì, ó kàn yí orin padà ni.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí bọ́ọ̀lù tiwọn ti jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé sọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kwọ́tábáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, ni wọ́n fi ń jẹun nígbà tí kò sí ìdíje, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ta ni kó wá ṣe kóòṣì. Lọ́dún 2003, àjọ NFL ṣe òfin kan, Rooney Rule, pé ẹgbẹ́ tó bá ń wá kóòṣì àgbà gbọ́dọ̀ pe ẹnìkan ó kéré tán tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù, wọ́n sì rí i pé òfin nìkan ló lè ṣílẹ̀kùn. Níbí, dúdú ni gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ẹnu wa là ń fi tilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Dídé Chelle ló tú àríyànjiyàn náà fó. Ọmọ Mali tí wọ́n bí sí Abidjan ni, kì í ṣe òyìnbó tí wọ́n ń pè, kì í sì í ṣe ọmọ wa. Bẹ́ǹṣì kò rí ọ̀rọ̀ fún un. Nígbà tí DR Congo fi pẹ̀nárítì já wa kúrò lọ́nà ife àgbáyé ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n ní, “Ṣebí a sọ ọ́.” Nígbà tó gba ipò kẹta ní Morocco ní oṣù Kìíní 2026, wọ́n tún ní, “Ṣebí a sọ ọ́.” Ọ̀rọ̀ tí kò lè jẹ̀bi láéláé, kò lè jàre náà.

Ìdájọ́ mi rèé. Àríyànjiyàn Ṣàngótẹ̀dó dùn létí ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kà fún wa ní kíláàsì lọ. Ó ní ẹ̀fẹ̀, ó ní àfiwé, ó mọ bí a ṣe ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí kò ní ni ìrántí tó pé. Ó máa ń bi wá pé ta ni kó ṣe é. Kì í béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa fún un, ta ni yóò yan agbábọ́ọ̀lù, ṣé wọ́n á sanwó rẹ̀ déédéé. Àwọn ọmọdé tó ń jókòó sílẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì yẹn ń gbọ́. Nínú wọn làwọn kan wà tí ẹnìkan ládùúgbò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn láràárọ̀ Sátidé, láìgba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè mọ nǹkan kan, kí ni wọ́n á fi iṣẹ́ tó ń kọ́ wọn pè?

Nítorí náà, ẹ máa lọ sídìí bẹ́ǹṣì, ẹ má ṣe torí mi jókòó sílé. Àmọ́ ẹ mú ọdún dání, ẹ mú èsì dání. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì bi yín bóyá wọ́n ti bí yín nígbà yẹn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ wá ka 2002 àti 2010 fún wọn lẹ́sẹẹsẹ.