Àtúnlò Ilé Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Donald Judd ní Marfa

Ní ọdún 1973 ni Donald Judd, ọlọ́nà ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé àtijọ́ ní Marfa, ìlú kékeré kan ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Texas. Ó rọrùn láti sọ pé ńṣe ni ó dáàbò bo àwọn ilé wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n èrò bẹ́ẹ̀ kò kún tó.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn lára àká méjì tí àwọn ológun ń lò fún ohun ìjà tẹ́lẹ̀. Judd yọ àwọn ilẹ̀kùn ńlá ẹ̀gbẹ́ wọn, ó fi fèrèsé onígíláàsì rọ́pò wọn. Ó tún fi òrùlé páànù tí ó tẹ̀ bí ọrun bo òkè pẹrẹsẹ tí ń jò, gíga ilé sì di ìlọ́po méjì. Inú wọn ni ọgọ́rùn-ún àpótí alumíníọ̀mù, tí ó ṣe láàrin 1982 sí 1986, wà. Ìwọ̀n ìta wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ètò inú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bí oòrùn ti ń yí ni àwọ̀ wọn ń yí. Fèrèsé náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí apá kan iṣẹ́ ọnà náà ni.

Síbẹ̀, Judd kò pa ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó wà lára ògiri rẹ́, èyí tí ó ń rántí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ ìtàn; àwọn àpótí kò sọ ọ́. Níbí ni kókó wà: ẹni tí ó tún ilé ṣe ti yan ohun tí a ó máa rántí. Àtúnlò, nígbà náà, ìdájọ́ ni.