Ìwà Ẹyẹ Nídìí Ìgò Omi Ṣúgà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún àṣà kan tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà: kí ènìyàn po ṣúgà mọ́ omi sínú ìgò, kí ó so ó rọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó sì jókòó sójú fèrèsé láti máa wo ẹyẹ tí Òyìnbó ń pè ní hummingbird. Ẹyẹ yìí kò sí ní Áfíríkà rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù pẹ̀lú àwọn erékùṣù Kàríbíánì nìkan ni a ti ń rí i. Abájọ tí èdè wa kò fi ní orúkọ fún un.

Láyé àtijọ́, ojú mìíràn ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń wò ó. Ní 1851, John Gould, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàtẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì ní ọgbà ẹranko London. Òkú ẹyẹ tí wọ́n kì ní òwú ni gbogbo wọn. Nínú ìwé ńlá tí Gould ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1849, wọ́n fi góòlù pẹlẹbẹ sábẹ́ ọ̀dà kí àwòrán ìyẹ́ wọn lè máa dán. Ṣùgbọ́n 1857 ni Gould tó fojú ara rẹ̀ rí èyí tó wà láàyè, ní Philadelphia. Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, ọjà tó ń tà wàràwàrà ní London ni awọ ẹyẹ yìí jẹ́, nítorí ọ̀ṣọ́ fìlà àwọn obìnrin.

Martin Johnson Heade, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó lọ sí Bùràsíìlì ní 1863, sún mọ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya takọtabo pọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtẹ́ wọn. Síbẹ̀, òkúta iyebíye ilẹ̀ Bùràsíìlì ni ó pe ọ̀wọ́ àwòrán náà. Àléébù tí mo rí nínú orúkọ yìí kò kéré. Òkúta kì í jẹun, kì í jà, kì í sì í kú. Nínú èdè wa, ara wíwà ni ìwà ti jáde. Ẹyẹ inú àpótí Gould ní àwọ̀, ṣùgbọ́n kò sí mọ́, kò sì lè ní ìwà.

Ìgò omi ṣúgà ló dá ìwà ẹyẹ náà padà fún àwọn òǹwòran. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sójú fèrèsé mọ̀lẹ́bí mi kan ní Maryland, akọ kan dé, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí iná. Bí ó ti yí ọrùn díẹ̀, ọ̀fun náà dúdú. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta lára ìyẹ́ ni pípọ́n náà ti ń wá. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ yìí wá bà lé ẹ̀ka igi, ó sì ń lé gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá yọjú sídìí ìgò. Ọmọ ilé náà bi mí pé kí ni Yorùbá ń pè é. N kò rí èsì fọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú Gould kò tíì parẹ́ nídìí ìgò. Ẹni tí ẹwà nìkan jẹ lógún a máa bu àwọ̀ pupa sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ẹyẹ ní àǹfààní kankan. Ìwọ̀n ṣúgà kan sí omi mẹ́rin ti tó. Oyin kò sì yẹ ibẹ̀. Nígbà ooru, bí a kò bá pààrọ̀ omi náà láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí a sì fọ ìgò, yóò kan, nǹkan dúdú yóò máa hù nínú rẹ̀, ẹyẹ yóò sì fi àìsàn san owó ìran tí a wò. Ẹyẹ yìí tún ń jẹ kòkòrò wẹ́wẹ́ àti aláǹtakùn. Ẹni tó so ìgò rọ̀, tó sì ń fín oògùn apakòkòrò sí òdòdó, ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ó ń fi tòsì gbà á.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni n óò fi kádìí rẹ̀. Àwọn ará Kúbà ń pè é ní zunzún, láti inú ìró ìyẹ́ apá rẹ̀, bí àwa náà ti ń fi ìró sọ orúkọ nǹkan. Ẹni tó ń fi ẹnu ko òdòdó lẹ́nu ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní Bùràsíìlì. Ìṣe ẹyẹ ni àwọn wọ̀nyí wò, gẹ́gẹ́ bí àwọn onísàré ìjálá wa ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ki ẹran àti ẹyẹ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yẹn tún bi mí, mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹyẹ náà ń ṣe fún mi. Ó wò ó títí, ó ní: “Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn mu.” Mo sọ fún un pé oríkì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.