Oríkì Kì í Ṣe Òfin Eré: Lórí Ẹ̀dá-Ìtàn Àtọwọ́dá Nínú Dungeons & Dragons

Nínú Player's Handbook, ìwé òfin Dungeons & Dragons tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, àfikún kan wà lẹ́yìn ìwé tó to orúkọ àwọn òrìṣà tí ẹ̀dá-ìtàn lè máa sìn. Ti ilẹ̀ Gíríìsì wà níbẹ̀, ti Íjíbítì wà níbẹ̀, ti àwọn Celt àti ti àwọn Norse náà ò gbẹ́yìn. Ṣàngó ò sí níbẹ̀. Ọya ò sí níbẹ̀. Ògún tó ni irin, tí gbogbo idà inú eré náà ì bá máa forí balẹ̀ fún, ẹ ò ní í rí orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwòrò Ṣàngó nídìí tábìlì eré yìí, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ dá a. Irú ẹ̀dá-ìtàn àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa ń ba eré jẹ́ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: ènìyàn bíi mẹ́rin sí mẹ́fà á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, wọ́n á da dáìsì olójú ogún. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́: Fighter ni jagunjagun, Cleric ni àwòrò, Rogue ni ẹni tó ń yọ́ rìn tó ń ṣí àgádágodo, Bard ni akéwì onílù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka, ẹ̀ka yìí sì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dá fúnra wọn. Àwọn tó ni eré ò lòdì sí i rárá. Apá kan wà nínú Dungeon Master's Guide ti 2014 tó sọ bí a ṣe lè ṣe é.

Nígbà ìjà, bó bá ti kan ẹ̀dá-ìtàn, ó ní ìṣe kan, ó sì lè ní ènì kan lórí rẹ̀, bí ènì tí ìyá aláta máa ń fi síni lọ́jà. Ìfèsì kan tún wà fún ìgbà tí ọ̀tá bá ṣe nǹkan sí i. Ó tán. Ìṣe, ènì, ìfèsì: owó tí à ń ná nínú eré yìí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan n'Ìbàdàn fi àwòrò Ṣàngó tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá hàn mí. Ká má parọ́, èdè rẹ̀ dùn ju ti ìwé òfin gan-an lọ. Ní ìpele kìíní, ìpele ọmọ ìkókó, àwòrò yìí ti lè yọ iná lẹ́nu nígbàkigbà tó bá kàn án, ènì ló sì fi ń ṣe é: dáìsì mẹ́ta olójú mẹ́fà. Mànàmáná ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ó ń sọ ẹdùn àrá. Ojú rẹ̀ ń dẹ́rù ba ọ̀tá. Ó ń wọ ìhámọ́ra irin. Àwọn obìnrin ìlú náà fẹ́ràn rẹ̀, èyí sì ní dáìsì tiẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ìwé ni ẹ̀ka Cleric tí wọ́n ń pè ní Tempest, àwòrò ìjì àti àrá. Tempest náà ń wọ ìhámọ́ra irin tó wúwo láti ìpele kìíní, ó sì ní ohun tí wọ́n pè ní Wrath of the Storm: bí ọ̀tá tó wà nítòsí bá lù ú, ó lè fi mànàmáná tàbí àrá dá a lóhùn, dáìsì méjì olójú mẹ́jọ, ìyẹn 9 ní ìpíndọ́gba. Bí ọ̀tá bá tètè yẹ̀ ẹ́, ìdajì ni yóò jẹ. Ìfèsì ló ń ná. Ọ̀tá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lù ú. Iye ìgbà tó lè ṣe é kó tó sun oorun alẹ́ kò ju bí Wisdom rẹ̀ bá ṣe tó, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọ̀pọ̀ àwòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Iná ti ọmọkùnrin wa jẹ́ 10.5 ní ìpíndọ́gba, kò ní iye, kò dúró de ẹnikẹ́ni, ènì lásán ló sì ń ná. Ẹ tún wá wo Fighter tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fighter ìpele kìíní tó fi ọwọ́ méjèèjì di idà ńlá mú, dáìsì méjì olójú mẹ́fà, ká fi 3 lé e: 10. Odidi ìṣe rẹ̀ nìyẹn, bí idà náà bá sì tàsé, òfo ni. Àwòrò yìí á fi ènì ṣe ju ohun tí jagunjagun fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe lọ, odidi ìṣe tirẹ̀ á sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì ná.

Wọ́n á ní, ṣebí olùdarí lè fi ọ̀tá kún ọ̀tá kí ìjà le sí i. Mo ti gbọ́ àwíjàre yìí títí. Lóòótọ́, olùdarí lè sọ ọ̀tá mẹ́fà di méjìlá. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gba iṣẹ́ Fighter padà fún un. Mo ti jókòó nídìí tábìlì kan tí ọ̀rẹ́ wa obìnrin kan ti ń ṣe Rogue, tí ẹlòmíì sì mú ọdẹ àtọwọ́dá kan wá: ọdẹ náà ń ríran nínú òkùnkùn, ó ń gbọ́ èdè ẹranko, ó ń ṣí àgádágodo, ó ń yọ́ rìn bí ológbò. Kò wá sí ilẹ̀kùn kankan tó ń dúró de Rogue mọ́. Ọ̀rẹ́ wa ò jà, kò ráhùn. Ó kàn gbé fóònù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní iṣẹ́ pọ̀ fún òun. Lọ́sẹ̀ kẹta kò fèsì mọ́. Àwọn ọ̀tá inú ìtàn ò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n jọ wà níkọ̀ ló gba ìjókòó mọ́ ọn nídìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò lásán ni.

Kí ló wá dé tí à ń ṣe àṣejù báyìí? Mo rò pé oríkì la máa ń kọ, tí a sì ń pè é ní òfin. Oríkì kì í yọ kúrò. Ńṣe ló ń fi kún un. Ẹni tó ń ki Ṣàngó ò ní í dúró láàárín kó sọ pé "ẹ̀ẹ̀mẹta péré lójúmọ́ o, bí ọ̀tá bá kọ́kọ́ lù ú." Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ oríkì ni kí orí ẹni tí à ń kì wú. Òfin eré ní iṣẹ́ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára parí sí. Ọ̀rọ̀ tiwa tún le díẹ̀ sí i nítorí àfikún inú ìwé yẹn. Ẹni tó rí i pé wọ́n ka Zeus, wọ́n ka Thor, tí wọn ò ka ti baba òun, á fẹ́ fi dáìsì gbẹ̀san. Ìbínú náà yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n Zeus ò sí nídìí tábìlì. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ń ṣe Fighter ló wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà o. Ní 2020, ìwé Tasha's Cauldron of Everything gbé ẹ̀ka Cleric kan jáde tó ń jẹ́ Twilight. Ẹ jẹ́ ká fi wé Life, ẹ̀ka tí wọ́n dá nítorí ìwòsàn gan-an. Ní ìpele karùn-ún, Life lè lo Channel Divinity rẹ̀ láti pín ẹ̀mí 25 fún àwọn tó farapa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni kọjá ìdajì ẹ̀mí rẹ̀. Twilight á ná irú nǹkan kan náà, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á yí i ká fún odidi ìṣẹ́jú kan, gbogbo ẹni tó bá sì parí ìṣe rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà lè gba ẹ̀mí àfikún: dáìsì olójú mẹ́fà kan pẹ̀lú 5, ìyẹn 8.5 ní ìpíndọ́gba. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, 34 nìyẹn ní àyípo kan. Ní àyípo mẹ́ta, ó lè tó 102. Òótọ́ ni pé ẹ̀mí àfikún kì í gun ara wọn, ẹni tí wọn ò bá lù ti fi tiẹ̀ ṣòfò. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣe Life á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, mo sì fẹ́ràn láti máa fi hàn àwọn tó rò pé ẹni tó bá ń wọn nǹkan kàn fẹ́ dín agbára kù ni. Ẹ̀ka Ranger kan wà nínú ìwé ti 2014, Beast Master, ọdẹ tó ní ẹranko tirẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ bẹ̀rù, ẹ̀rù wọn sì nídìí: ẹni tó ní ẹranko, ènìyàn méjì nínú ara kan ni. Ni wọ́n bá ní kí ọdẹ máa ná odidi ìṣe tirẹ̀ kí ẹranko tó lè géni jẹ. Ẹ̀mí ẹranko náà, ìlọ́po mẹ́rin ìpele ọdẹ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn: 20 ní ìpele karùn-ún. Ìpele karùn-ún yìí kan náà ni àwọn onídán ń bẹ̀rẹ̀ sí í ju Fireball, bọ́ọ̀lù iná tó jẹ́ 28 ní ìpíndọ́gba. Ẹ fojú inú wo ọdẹ tó ń sin ajá rẹ̀ ní gbogbo ìrìn àjò. Tasha's yìí kan náà ló wá tún un ṣe: ènì ni ọdẹ á máa ná báyìí, ẹ̀mí ẹranko inú igbó á sì jẹ́ 5 pẹ̀lú ìlọ́po márùn-ún ìpele, 30 ní ìpele karùn-ún. Ìwé kan ṣoṣo ló fọ́ ti àwòrò tó sì tún ti ọdẹ ṣe.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ẹ̀ka fúnra wọn ti gbọ́ pé agbára gbọ́dọ̀ ní ohun tí à ń san. Ni wọ́n bá fi èèwọ̀ sí i. Mo ti rí àwòrò Ọbàtálá tó lágbára bí nǹkan míì, tí èèwọ̀ rẹ̀ ò ju pé kò gbọdọ̀ mu ẹmu. Òótọ́ ni, èèwọ̀ Ọbàtálá ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu ẹmu lójú ìjà? Èèwọ̀ tí kò lè bá ẹ pàdé kì í ṣe owó. Ẹ padà sọ́dọ̀ Tempest: ní ìpele kẹtàdínlógún, ó lè fò, ṣùgbọ́n kò lè fò nínú ilé tàbí lábẹ́ ilẹ̀. Nínú eré tí ihò abẹ́ ilẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀! Èyí ni mo ń pè ní èèwọ̀. Blood Hunter ti Matthew Mercer, tí ó bẹ̀rẹ̀ bíi Witch Hunter tó dá fún Vin Diesel ní 2015, ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sanwó: ó ń dín ẹ̀mí ara rẹ̀ kù kí ohun ìjà rẹ̀ tó gbóná. Èrò tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ń san án. Cleric tó ń wò ó sàn náà ń dá síbẹ̀.

Ní ti Ṣàngó, àṣà fúnra rẹ̀ ti ṣe ìṣirò náà tán, àwa la ò wò ó. Òrìṣà ló ń yọ iná lẹ́nu nígbà tó bá wù ú. Ẹlẹ́gùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Ṣàngó tó gun ẹlẹ́gùn, bàtá gbọ́dọ̀ dún, àwọn tó mọ oríkì gbọ́dọ̀ kì í. Bí òrìṣà bá kúrò lórí rẹ̀, ènìyàn bíi tiwa ni, ó lè lọ ra àmàlà. Nítorí náà mo dábàá èyí fún ọmọkùnrin náà. Iná di ti ìpele kejì. Ẹlẹ́gùn á ná Channel Divinity kan, Ṣàngó á sì gùn ún fún ìṣẹ́jú kan. Kò tún sí òmíràn àfi lẹ́yìn ìsinmi. Láàárín ìṣẹ́jú náà, ó lè fi ìṣe rẹ̀ yọ iná sí iwájú, ẹsẹ̀ bàtà 15, dáìsì méjì olójú mẹ́jọ, bí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ bá ti ná ènì tirẹ̀ láti lu bàtá tàbí kì í kó tó kàn án. Bí kò bá sí ẹni tó kì í, kò sí iná. Burning Hands, ọfọ̀ ìpele kìíní tí iná rẹ̀ dé ibi kan náà, jẹ́ 10.5, tiwa jẹ́ 9, ó lè tún un ṣe, torí ènìyàn méjì ló ń san án.

Ta ló máa wá lu bàtá? Ẹ̀yin náà á sọ pé Bard, ṣùgbọ́n ènì ni Bard fi ń fún ẹlòmíì ní ìwúrí. Rogue, láti ìpele kejì, ń fi ènì tiẹ̀ sá tàbí sá pamọ́. Fighter ní ìpele yìí, yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan tó lè fi mí kanlẹ̀ kí ara rẹ̀ mókun, ènì rẹ̀ sábà máa ń wà nílẹ̀ lásán ni. Fighter yìí náà, tí iná àkọ́kọ́ sọ di aláìníṣẹ́, òun ló máa di onílù Ṣàngó.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà. Ó ní ìlù yẹn dáa, àmọ́ dáìsì méjì ti kéré jù fún ọba Kòso.