Ibi Tí Iná Ti Ń Bù

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin kì í sáré ṣí ẹ̀yìn Volkswagen Ìjàpá. Bí wọ́n bá ti Volkswagen kan dé, tí wọ́n ní ó ṣàdédé kú, Bàbá á ní kí ẹni tó ni ín wọlé sítáàtì rẹ̀. Òun á dẹ etí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí dáadáa tí kò sì mú, bátìrì ti bọ́ nínú ẹjọ́. Epo ńkọ́? Bàbá á ní, "Èyí tí epo ń dà láàmú máa ń wúkọ́ kó tó kú. Èyí tó kú fin-ín, iná ni kẹ́ ẹ wá lọ."

Ẹni tó mọṣẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣí dìsìtíríbútọ̀. Bàbá á fi fáàn-bẹ́ẹ̀tì yí ẹ́ńjìnì jẹ́jẹ́ títí ẹnu kọ́ńtáàtì méjèèjì á fi pàdé. Á ní kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́. Èmi á fi pílíásì onírọ́bà di wáyà kọ́ìlì mú, kí ẹnu rẹ̀ súnmọ́ irin ẹ́ńjìnì láì kàn án. Bàbá á wá fi igi pẹlẹbẹ ya kọ́ńtáàtì: tá! Ẹnu wáyà ni gbogbo wa ń wò. Ẹnu kọ́ńtáàtì ni Bàbá ń wò. Bí iná ńlá bá ń bù níbẹ̀, tí ti ẹnu wáyà sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kọ́ńdẹ́ńsà ti kú. Iná tó yẹ kó lọ sí púlọ́ọ̀gì ló ń jó kọ́ńtáàtì.

Lọ́sàn-án gangan, á ní ká fi ara ṣíji bò ó, torí oòrùn máa ń pa àwọ̀ iná. Ọmọṣẹ́ tó bá ní "Ẹ̀n, mo rí iná, sà," wàhálà dé: "Iná wo? Níbo ló ti bù?" Títí dòní, tí mo bá tẹ̀ ba sídìí ọkọ̀, ohùn yẹn ni mò ń gbọ́.

Kọ́ńdẹ́ńsà tuntun tí wọ́n ń kó wá báyìí, òmíràn kì í gbóná lẹ́ẹ̀mejì kó tó dákú. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Àwọn kan ò tilẹ̀ fẹ́ fi géèjì wọn àlàfo kọ́ńtáàtì mọ́, páálí ìṣáná ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ 0.4 mm ni ìwọ̀n àlàfo náà. Mo sì ti rí ẹni tó gbé skáánà dé ìdí Ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ láàárín 1975 sí 1979, tó ń wá ibi tí yóò kì í bọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ̀ yín bá kú fin-ín, ẹ má ra kabúrétọ̀ kankan kí mẹkáníìkì yín tó ya kọ́ńtáàtì lójú yín.