Ìkelòó Ni Yóò Kọ́kọ́ Tàsé?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2022, ní pápá ìṣeré Japoma ní Douala, Íjíbítì àti Ivory Coast ta ọ̀mì 0-0, ọ̀rọ̀ wá di pẹnáritì. Máràrùn-ún ti Íjíbítì wọlé. Eric Bailly pàdánù ti Ivory Coast kan. 5-4!

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìṣirò geometric distribution ń bi wá: ìkelòó ni yóò kọ́kọ́ tàsé? Ká ní mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń wọlé. Kí ìkẹta jẹ́ àkọ́tàsé: 3/4 × 3/4 × 1/4, ìyẹn 9/64, bíi 14 nínú 100. Kí márùn-ún wọlé léraléra: 243/1024, bíi 24 nínú 100.

Ẹwà rẹ̀ ni pé kì í rántí àná. Bí mẹ́rin bá ti wọlé, ewu ìkarùn-ún kò lé, kò dín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní pariwo pé, "Eléyìí gbọ́dọ̀ tàsé!"