Ẹ̀rọ Tí Ń Ka Káàdì Ìdìbò Lẹ́nu Àwọn Oníròyìn

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ìdìbò kò dá ìka Ààrẹ Jonathan mọ̀ ní Otuoke. Ẹ̀rọ kọṣẹ́, ni ìròyìn ń wí. Iṣẹ́ wo ni ó kọ̀? Méjì ni iṣẹ́ rẹ̀: kí ó mọ̀ bí káàdì bá jẹ́ ojúlówó, kí ó sì fi ìka ọwọ́ mọ ẹni tí ó ni ín. Èkejì ni ó fa ariwo. Àjọ INEC tilẹ̀ ṣàlàyé pé, ní àwọn ibìkan, àwọn òṣìṣẹ́ ni kò ṣí ọ̀rá tí ó bo ojú rẹ̀ kúrò. Àbí ẹ̀rọ ni yóò bọ́ra fúnra rẹ̀? Nínú gbólóhùn náà, ẹ̀rọ nìkan ni olùwà. Òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá.